Ẹ Dá Ilé Ìtàn Ẹbí Sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Lẹ́tà ṣíṣí sí Kábíyèsí Olúkàrẹ́ ti Ìkàrẹ́, Kábíyèsí Ọwá-Alẹ̀ ti Ìkàrẹ́, Kábíyèsí Olúbàkà ti Ọ̀kà àti Kábíyèsí Asín ti Ọ̀kà-Odò. Sí àwọn alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó àti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó. Àti sí gbogbo olórí ẹbí, ìyálé ilé àti ọmọ Àkókó nílé lóko.

Ẹ̀yin Kábíyèsí, bí orúkọ oyè yín ṣe wá sí kálàmù ni mo ṣe tò ó. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìtàn ẹbí wa ni mo gbé wá síwájú yín. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ orírun rẹ̀ ní láti rìn lọ bá àgbà kó sì jókòó sílẹ̀ gbọ́. Lónìí, ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston lè gbé fóònù, kó máa wá orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó ń gba ọdún tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Ó dára, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì ló ni ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń wá ara wọn, àwọn àgbà tó sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ilé ìtàn ẹbí sílẹ̀, ọ̀kan ní Ìkàrẹ́, ọ̀kan ní Ọ̀kà, níbi tí a ó ti máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tí a ó ti máa kó ìwé àti àwòrán ẹbí jọ, tí yóò sì jẹ́ pé ìlú fúnra rẹ̀ ni olùtọ́jú wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìran wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rí. Kí ìdílé méjì tó di àna, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ara wọn. Bí a bá fẹ́ pín oko, àgbà á ka ìran láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gé igbó náà títí dé orí àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀. Èèwọ̀ ilé, ilà ojú, orúkọ àbísọ, ọdún tí agboolé kan ń ṣe, gbogbo wọn ló ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Oríkì ló jinlẹ̀ jù nínú wọn, àwọn obìnrin tí a fẹ́ wọlé ló sì sábà máa ń mọ̀ ọ́n kì jù. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, gba ohùn àwọn obìnrin ìlú náà sílẹ̀ lórí tépù. Ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, tó jáde ní 1991, fi han gbogbo ayé pé ẹnu wọn ni ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn ẹni ńlá Òkukù wà. Bí ẹnì kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní àsìkò náà, àwọn ìyá wa tí wọ́n ti lọ ìbá ṣì máa bá wa sọ̀rọ̀.

Ní Àkókó, ọ̀rọ̀ náà tún le ju ti ibòmíràn lọ. Orí òkè àti àárín àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú wa tẹ̀dó sí kí ogun má baà rí wọn mú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, wọ́n sì ń gba owó òde lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ó di 1897 tí ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà kí àjàgà yẹn tó já. Lẹ́yìn ogun, kòkó kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìhà Oǹdó, Ìdànrè àti Ifẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kó àwọn mìíràn lọ sí Èkó àti Ìbàdàn, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì ti sọdá òkun. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èdè: láàárín ìlú àti ìlú tí kò jìnnà síra wọn, ẹ ó rí àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ẹ ó rí àwọn tó ń sọ èdè Arigidi, ẹ ó sì rí àwọn ará Àúga àti Ìṣẹ̀ tó ń sọ Ùkàán. Ilé kan ní Ìkàrẹ́ lè ní ìyá ńlá tó jẹ́ pé èdè mìíràn ló fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Irú ìtàn báyìí kò lè hàn nínú ìwé kankan àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ̀rọ ti ṣe fún wa.

Fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹbí Àkókó kan tí kò ní gúrúùpù WhatsApp. Ẹni tó wà ní Ayégúnlẹ̀-Ọ̀kà á gbé fọ́tò àtijọ́ kan síbẹ̀. Ẹni tó wà ní Manchester á béèrè pé ta ni ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà. Ìyá kan ní Ìkàrẹ́ á tẹ fóònù, á fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn, á dárúkọ rẹ̀, á sọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ, á sì ki oríkì rẹ̀ díẹ̀. Láàárín wákàtí kan, orúkọ tó ti ń sọnù lọ padà sílé. Kò sí arọ́kìn tó lè pe àwọn ọmọ tó wà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

Ẹ̀rọ tún ti jẹ́ kí a lè mọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í sábà dá ọdún mọ̀ pẹ̀lú òǹkà. Wọ́n á ní àwọn ń rákò nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, tàbí pé àwọn ṣe ìgbéyàwó nígbà ogun Hitler, tàbí pé bàbá àwọn kú ní ọdún tí a pa pọ́n-ùn tì tí a gba náírà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé 20 oṣù Karùn-ún 1947 ni òṣùpá bo oòrùn, tí òkùnkùn náà sì gba ìhà gúúsù Nàìjíríà kọjá. Pé 1939 sí 1945 ni ogun Hitler. Pé oṣù Kìn-ín-ní 1973 ni náírà dé. Ọ̀rọ̀ àgbà àti ìṣirò àwọn onímọ̀ á pàdé, ọjọ́ ìbí tí ìjọba kò kọ sílẹ̀ á sì fojú hàn.

Àwọn ìwé tó ti sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún náà ti ń jí. Ilé ìpamọ́ ìwé ti ìjọba àpapọ̀, tí onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, kó ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pamọ́. Àwọn ìròyìn tí wọ́n kọ nípa ìlú wa ní àwọn ọdún 1930 wà lára irú ìwé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọba, ìjòyè àti àdúgbò. Ìwé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti Church Missionary Society (CMS) wà ní Yunifásítì Birmingham, wọ́n sì ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà nílé wa ńkọ́? Ìwé ìrìbọmi wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Lèmọ́mù àti Alùfáà wa ní Ìkàrẹ́ ní àkọsílẹ̀ yìgì àti ìsọmọlórúkọ, òmíràn nínú rẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá. Ìwé ẹjọ́ wà ní kóòtù ìbílẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú tí a ń tẹ̀ nígbà òkú àgbà wà nínú gbogbo ilé, orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọlójú sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ ibojì tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní orúkọ àti ọdún lára sìmẹ́ńtì. Fóònù kan ṣoṣo ti tó láti ya gbogbo wọn kí ikán, òjò àti iná tó dé.

Ní ti àwọn tí ogun kó lọ, ẹ rántí Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o ní Òṣoògùn ní 1821. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹrú ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kó tó fojú kan ìyá rẹ̀ padà. Odidi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, òun gan-an sì wà lára àwọn tó ṣorí ire, nítorí àìmọye ni kò rí ìyá wọn mọ́ títí tí wọ́n fi kú. Lónìí, ibùdó SlaveVoyages lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti to ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú tó ju 36,000 lọ. Ibẹ̀ náà ni orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà 91,491 wà, àwọn tí a gbà sílẹ̀ lórí omi tí a sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ọkọ̀ tó gbé wọn sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana. Bí akọ̀wé òyìnbó ṣe gbọ́ orúkọ náà létí ló ṣe kọ ọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ẹni tó lè gbọ́ ọ kó sì mọ èdè tó jẹ́. Ní 1854, Koelle, onímọ̀ èdè, tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó gbà lẹ́nu àwọn tí a dá sílẹ̀ ní Freetown. Èdè Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn aládùúgbò wa, wà níbẹ̀. Bí ogun ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbà kan ní Ọ̀kà tó mọ orúkọ ìgbà ìwáṣẹ̀ lè gbọ́ orúkọ kan nínú àkójọ orúkọ SlaveVoyages kó sọ pé ilé báyìí ló ń jẹ́ ẹ. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé yẹ kí a fara balẹ̀ nìyí. Àwọn ìbátan wa ní Amẹ́ríkà, tí ìwé ìran wọn ti já sí etí òkun, ti ń gba ọ̀nà DNA wá wa. African Ancestry bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà ní 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn sì wà nídìí rẹ̀. Ènìyàn á fi itọ́ ránṣẹ́, wọ́n á sọ fún un pé apá kan ara rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, wọ́n á sì fi àwọn tí wọ́n jọ ní ẹ̀jẹ̀ hàn án. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn wá: kò sí àyẹ̀wò DNA tó lè ya ọmọ Ọ̀kà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ Ìkàrẹ́. Ibi tí àwọn onímọ̀ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Nínú iṣẹ́ ìwádìí DNA tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó jáde ní 2005, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá 90 tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn ló dúró fún gbogbo wa níwájú ayé. DNA lè sọ pé ènìyàn méjì jẹ́ ìbátan. Kò lè sọ orúkọ bàbá ńlá wọn, kò mọ ìdí tí ó fi kúrò nílé, kò sì mọ oríkì. Bí ọmọ wa kan láti Alabama tàbí Bahia bá dé àárín ọjà Ìkàrẹ́ lọ́la pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, ta ni yóò gbà á lálejò? Ìwé wo ni a ó ṣí fún un?

Bákan náà ni ibùdó ìtàn ìran FamilySearch, tí ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ní Utah ń bójú tó, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti wà láti 1894. Wọ́n ń rán àwọn ènìyàn kiri ní Gánà, ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà láti bi àwọn àgbà ní ìran wọn kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá a wò. Iṣẹ́ náà níyì, mo kí wọn. Ó tọ́ kí olórí ẹbí mọ̀ pé ìjọ náà gbàgbọ́ nínú ṣíṣe ìrìbọmi nítorí àwọn òkú, kí Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe tó bá ń dárúkọ àwọn bàbá ńlá rẹ̀ lè mọ ohun tó ń ṣe. Kó tún mọ̀ pé lẹ́yìn tí orúkọ bá ti kúrò ní Ọ̀kà, ó yẹ kí ẹ̀dà kan ṣẹ́kù ní Ọ̀kà.

Ohun mìíràn tó ń kọ mí lóminú ni bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣi ìtàn wa kà. Bàbá kan lè bí ọmọ mẹ́rin. Àkọ́bí lọ sí ilé-ìwé, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé. Èkejì fi ti bàbá àgbà. Ẹ̀kẹta fi orúkọ oyè ilé. Ẹ̀kẹrin fi orúkọ Mùsùlùmí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi di ọmọ-ọmọ, kọ̀ǹpútà á rí ìdílé mẹ́rin tí kò mọra. Báwọn àgbà bá tún ń pe àbúrò bàbá wọn ní bàbá, ẹni tó ń kọ ọ́ láti òkèèrè á kọ ọ́ pé òun ló bí wọn. Àwọn ìyá ló tilẹ̀ ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìran tí a ń tẹ̀ síta, orúkọ ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé àwọn ọkùnrin náà bí ara wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan ní Ìwárò-Ọ̀kà bóyá ó mọ orúkọ ìyá ìyá bàbá rẹ̀. Ilé tí kò mọ àwọn ìyá rẹ̀, ìdajì ìtàn ara rẹ̀ ló gbàgbé.

Ẹ̀rọ tuntun tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ náà ti dé. Bí ẹ bá bi í pé ta ló tẹ agboolé kan dó ní Ìkàrẹ́, ó lè dáhùn láìkọsẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó kà nípa rẹ̀ rí. Ibi tí a kò bá kọ nǹkan kan sí ni irọ́ ti ń ráyè jókòó. Ẹ sì rántí Alex Haley, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ Roots ní 1976. Ó lọ sí Juffure ní Gambia, ẹnì kan níbẹ̀ ka ìran fún un títí ó fi kan orúkọ tó ń wá. Ìwé náà jí ọkàn àìmọye ènìyàn dúdú sí wíwá orírun wọn, kò sì sí ẹni tó lè gba ọlá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn tó tẹ̀ lé e lọ rí i pé ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ti mọ ohun tí àlejò ń fẹ́ gbọ́ kó tó la ẹnu. Nítorí náà, ohùn kan kò tó. Àgbà mẹ́ta láti ilé mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ gbọ́, kí a sì fi ìwé àti ibojì wo ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀yin Kábíyèsí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtàn ní ìlú wa kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀. Òfin gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ sì ni àkọ́kọ́. Ṣáájú rẹ̀, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó ti Gánà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, àwọn adájọ́ sọ pé bí ìtàn ẹni méjì bá ta kora, kí a má wo bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀rọ̀ tó dùn létí, kí a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó ṣì wà láàyè dán ìtàn méjèèjì wò. Àwọn kóòtù wa ń tẹ̀ lé e títí di òní. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé àkọsílẹ̀ tó ní ọjọ́, tó ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́, tí a sì ṣe nígbà tí ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó níyì ju ìtàn tí a sáré kó jọ nígbà tí lọ́yà ti dé. Ilé ìtàn tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní dájọ́. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ tirẹ̀, a ó gba ti oníkálukú sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní láṣẹ láti pa ti ẹlòmíràn rẹ́.

Bí a ṣe ń gbà á sílẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ mọ bí a ó ṣe pa á mọ́. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù. Bí kì í bá ṣe pé àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn ìwé pélébé tó kù tó sì tún un kọ títí ó fi jáde ní 1921, kí ni à bá máa kà lónìí? Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìwé náà àti fóònù tó já sómi pẹ̀lú ohùn bàbá àgbà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ohùn ìyá wa ní 1985 ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ ọ ni kò sí mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè náà kò ní wà títí láé. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò DNA 23andMe, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ àṣírí nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn; ní oṣù Kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù láti kéde pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ DNA àwọn ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí lẹ́yìn náà.

Àṣírí ilé náà wà níbẹ̀. Ilé wà tí ìyá ńlá wọn dé bí ẹrú ogun, ilé wà tí bàbá wọn jẹ́ ìwọ̀fà, ọmọ wà tí a gbà tọ́ tí kò sì mọ̀ títí a fi sin àwọn òbí rẹ̀. DNA kì í bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àdáni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka DNA mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Àwa náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ: kí a gba àṣẹ lẹ́nu ẹni kí a tó gba ohùn rẹ̀, kí a fún ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ kan fún iye ọdún tó bá wù wọ́n, kí a má sì gbé ọjọ́ ìbí tàbí àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó wà láàyè síta.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé.

Èkíní, kí ẹ̀yin Kábíyèsí pàṣẹ pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò máa gba ohùn àgbà sílẹ̀. Kí wọ́n gbà á ní ohùn ilé wa, ní èdè Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà, kì í ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí àgbà kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, agboolé rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá wa àgbà.

Èkejì, kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì yọ̀ǹda yàrá kan ní olú ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, iná sólà àti àpótí ìwé tí ikán kò lè wọ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o ní onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe nínú, kí gbogbo àdúgbò sì ní aṣojú. Kí a ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ohun gbogbo: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní yunifásítì, ọ̀kan ní ìlú mìíràn; kí a sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá kò jìnnà sí wa rárá. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ìtàn àti ti ìmọ̀ èdè níbẹ̀ pé kí wọ́n máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ẹbí Àkókó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá, kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà sì máa padà wá sí ìlú tí wọ́n ti gbà á.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin Bíṣọ́ọ̀bù, Fadá, Pásítọ̀, Lèmọ́mù àti Alùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ya ìwé ìrìbọmi àti ìwé yìgì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ yín ni ojúlówó ìwé náà yóò wà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, owó tí ẹ ń san fún àyẹ̀wò DNA kan lè ra ẹ̀rọ tí yóò tọ́jú ohùn odidi àdúgbò. Ẹ ṣe ti àyẹ̀wò tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí ilé.

Kò sí èyí tó ju agbára wa lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ wa, ìmọ̀ ti wà ní Àkùngbá, àgbà ṣì kù nílé. Àṣẹ yín nìkan ló kù, Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á kí ọdún yìí tó parí.

Ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí, má dúró de àṣẹ ọba. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín, tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì nínú ẹbí kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ béèrè.

Èmi ni, ọmọ yín nínú ìfẹ́ ìlú,
Ọmọ Àkókó kan